Ráútà Kan Tó Ilé: Bí Ìdílé Ṣe Lè Fi Owó Kan Lo Íntánẹ́ẹ̀tì Kan

Nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Àkúrẹ́ àti Èkó lónìí, ẹni márùn-ún ló ń ra dátà lọ́nà márùn-ún. Bàbá ń ra tirẹ̀ sórí fóònù tó fi ń wo ìròyìn. Ìyá ń ra tirẹ̀ torí àwọn oníbàárà tó ń fi fọ́tò ọjà ránṣẹ́ sí lórí WhatsApp. Èyí tó wà ní yunifásítì ń ra èyí tó máa fi ka ìwé, àbúrò rẹ̀ ń ra dátà òru torí pé ó dínwó, àbíkẹ́yìn sì ń ra díẹ̀, á tún máa tọrọ hotspot láti yàrá dé yàrá. Bí oṣù bá parí, kò sí ẹnikẹ́ni tó lè sọ iye tí gbogbo ilé ná. Nígbà púpọ̀, owó náà ì bá ti tó gbé íntánẹ́ẹ̀tì gidi wọlé, ṣùgbọ́n nítorí pé díẹ̀díẹ̀ ló ń jáde láti àpò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kò hàn sí wọn. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ọmọ ejò níyà.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le. Kí ilé kó owó jọ, kí wọ́n gbé ìlà íntánẹ́ẹ̀tì kan tó já fáfá wọlé, kí ráútà sì pín in fún gbogbo kọ̀ǹpútà àti fóònù tó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ráútà kì í ṣe ohun tí èèyàn ń rà, tó ń kì bọ iná, tó sì ń gbàgbé síbẹ̀. Ibi tí wọ́n gbé e sí, ohun tí wọ́n fi wáyà so mọ́ ọn, ẹni tó mọ pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ àti ẹni tó ń bójú tó o ló máa sọ bóyá owó tí ilé dá á so èso tàbí á ṣòfò.

Ibi tá a ti ń bọ̀

Kí GSM tó dé lóṣù kẹjọ ọdún 2001, ilé tó ní tẹlifóònù NITEL kò pọ̀, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ ti ilé tó ní íntánẹ́ẹ̀tì. Sáíbà-kafé ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti kọ́kọ́ ṣí e-mail. Ẹ ó ra tíkẹ́ẹ̀tì wákàtí kan, ẹ ó tẹ nọ́ńbà tó wà lórí rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, aago á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Àwọn tó ń wá ọ̀nà sí yunifásítì òkè òkun wà níbẹ̀, àwọn tó fẹ́ wo èsì ìdánwò JAMB wà níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà lè pé ogún nínú yàrá náà, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ṣoṣo, tó sábà máa ń gba orí díìṣì tó wà lórí òrùlé, ni gbogbo wọn jọ ń gbà. Pípín íntánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe àjèjì láàárín wa. Ohun tó yí padà ni pé ẹ̀rọ tó ń ṣe iṣẹ́ náà ti kéré, owó rẹ̀ ti wálẹ̀, ó sì ti wọ pálọ̀.

Módẹ́ẹ̀mù USB ló tẹ̀lé e, èyí tí wọ́n ń kì bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo. MiFi wá dé, ó ní bátìrì nínú, ó sì lè gba èèyàn bíi mélòó kan lẹ́ẹ̀kan náà. Lọ́dún 2010, wáyà abẹ́ òkun MainOne àti Glo-1 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, wọ́n sì fi kún ọ̀nà tí íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọ Nàìjíríà. Lẹ́yìn náà ni 4G dé, tí fáíbà sì wọ àwọn àdúgbò kan ní ìlú ńlá. 5G dé lọ́dún 2022, Starlink sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Nàìjíríà lóṣù kìíní ọdún 2023. Èyí tó wù kí ẹ yàn nínú wọn, ọwọ́ ráútà ló máa gbà kó tó dé ọ̀dọ̀ ará ilé.

Owó rẹ̀ náà kò dúró lójú kan. Lóṣù kìíní ọdún 2025, àjọ NCC tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà fọwọ́ sí i pé kí àwọn iléeṣẹ́ tẹlifóònù fi owó kún iye tí wọ́n ń gbà, kó má ṣáà ti ju 50% lọ. Ilé tó ń ra dátà lọ́nà márùn-ún, ọ̀nà márùn-ún náà ni ẹ̀kúnwó yẹn gbà bá a.

Iṣẹ́ tí ráútà ń ṣe gan-an

Ẹni tó bá dàgbà ṣáájú GSM á rántí bí lẹ́tà ṣe ń dé abúlé. Ilé kò ní nọ́ńbà tí àwọn onífìwéránṣẹ́ mọ̀. Orúkọ ọ̀gá ilé ìwé tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ń kọ sára àpò ìwé, pẹ̀lú P.O. Box kan ṣoṣo. Bí lẹ́tà bá dé, ọ̀gá á wo orúkọ ẹni tó ni ín, á sì rán ọmọ ilé ìwé lọ gbé e fún un. Iṣẹ́ ráútà nìyẹn. Lójú àwọn tó wà níta, àdírẹ́sì kan ṣoṣo ni ilé yín ní. Nínú ilé, ráútà ti fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní àdírẹ́sì tirẹ̀, tí ará ìta kò mọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wò ó bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Àdírẹ́sì láptọ́ọ̀pù tó wà ní yàrá ni 192.168.1.12, ti fóònù tó wà ní pálọ̀ ni 192.168.1.15. Àwọn méjèèjì ṣí Wikipedia nígbà kan náà. Bí ìbéèrè láptọ́ọ̀pù bá dé ọ̀dọ̀ ráútà, ráútà á yọ 192.168.1.12 kúrò lára rẹ̀, á fi àdírẹ́sì tí iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì fún ilé rọ́pò rẹ̀, á fún un ní nọ́ńbà kan, ká ní 40001, á sì kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ rẹ̀ pé láptọ́ọ̀pù ló ni 40001. Ó lè fún ti fóònù ní 40002. Bí èsì bá padà dé, nọ́ńbà yẹn ni ráútà á wò tó fi máa mọ ẹni tó ni ín. Ojú ìwé kan ṣoṣo lè mú kó ṣe èyí lọ́pọ̀ ìgbà kí ẹ tó ṣẹ́jú. Bí nǹkan kan bá sì ti ìta wá tí ẹnikẹ́ni nínú ilé kò béèrè, kò sí orúkọ rẹ̀ nínú àkọsílẹ̀, ráútà á sì dà á nù. Ààbò kékeré kan nìyẹn tí ilé ń jẹ láìmọ̀.

NAT ni wọ́n ń pe ọgbọ́n yìí. Lóṣù karùn-ún ọdún 1994 ni Kjeld Egevang àti Paul Francis kọ ìwé tó ṣàlàyé rẹ̀ jáde, nítorí wọ́n ti rí i pé àdírẹ́sì kò ní tó. Irú àdírẹ́sì tó wọ́pọ̀ nígbà náà, IPv4, kò ju bíi bílíọ̀nù 4.3 lọ ní gbogbo ayé. Lọ́dún 1994 kan náà, wọ́n ya àwọn kan sọ́tọ̀ fún inú ilé àti ọ́fíìsì, àwọn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168 sì wà lára wọn. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí nọ́ńbà ilé yín fi jọ ti ilé ọ̀rẹ́ yín ní Òṣogbo tí kò sì sí wàhálà. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún 2011, ìpín IPv4 tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ IANA, àwọn tó ń pín àdírẹ́sì fún gbogbo ayé, tán pátápátá. Bí kì í bá ṣe ọgbọ́n NAT yìí, fóònù, láptọ́ọ̀pù àti tẹlifíṣọ̀n inú ilé kan ì bá máa du àdírẹ́sì kan ṣoṣo mọ́ ara wọn lọ́wọ́.

Apá tó ń pín àdírẹ́sì nínú ráútà ni DHCP. Kọ̀ǹpútà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé á béèrè àdírẹ́sì, DHCP á yá a ní èyí tí kò sí lọ́wọ́ ẹ̀rọ mìíràn. Ẹ fi èyí sọ́kàn de ọjọ́ tí nǹkan bá dàrú. Bí kọ̀ǹpútà bá ní òun ti wà lórí Wi-Fi ṣùgbọ́n tí nǹkan kò ṣí, ẹ wo àdírẹ́sì IP rẹ̀. Bó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, kọ̀ǹpútà náà béèrè títí, kò rí ẹni dá a lóhùn, ó wá fún ara rẹ̀ ní àdírẹ́sì. Àárín òun àti ráútà ni ìṣòro wà, ẹ má pe iléeṣẹ́ kankan. Bó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168, a jẹ́ pé ráútà ti ṣe ipa tirẹ̀. Ìta ló yẹ kí ẹ wò: bóyá dátà ti tán, tàbí iléeṣẹ́ ní ìdíwọ́. Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 2024, wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin bà jẹ́ nítòsí etíkun Côte d'Ivoire, MainOne àti WACS wà lára wọn, íntánẹ́ẹ̀tì sì dákú káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Lọ́jọ́ yẹn, kò sí ráútà tí ẹnikẹ́ni ì bá pa tún tàn tó lè mú un sọjí.

Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀

Àwọn èèyàn sábà máa ń kó módẹ́ẹ̀mù àti ráútà pọ̀. Módẹ́ẹ̀mù ló ń bá iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì sọ̀rọ̀, ráútà ló ń pín ohun tó bá wọlé. Nínú MiFi àti ráútà 4G, inú ara kan náà ni àwọn méjèèjì wà. Ní ilé tó ń lo fáíbà, àpótí kékeré kan wà lára ògiri tó ń gba ìmọ́lẹ̀ láti inú wáyà fáíbà. Nígbà mìíràn ráútà wà nínú àpótí yẹn, nígbà mìíràn ó dá dúró. Kí ẹ tó lọ ra ráútà ní Computer Village ní Ìkẹjà tàbí ibòmíràn, ẹ béèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́ yín èwo nínú méjèèjì ni wọ́n fún yín. Ẹni tó nílò ráútà tó ń gba káàdì SIM, tó wá ra èyí tí kò ní ojú SIM, á gbé e délé tán ni á tó mọ̀.

Ẹ yí ẹ̀yìn ráútà síwájú. Ihò onígun mẹ́rin bíi márùn-ún lẹ máa rí. Wọ́n kọ WAN tàbí Internet sí ọ̀kan, àwọ̀ rẹ̀ sì sábà máa ń yàtọ̀. Ibẹ̀ ni wáyà tó ń bọ̀ láti ara módẹ́ẹ̀mù ń wọ̀. Àwọn tó kù, LAN, ti kọ̀ǹpútà inú ilé ni. Orí wáyà náà bá gbogbo ihò mu, ó sì ń dún kọ́ọ́ bó bá wọlé dáadáa, nítorí náà ó rọrùn láti ki ti ìta bọ ihò LAN. Bẹ́ẹ̀ bá ṣe bẹ́ẹ̀, Wi-Fi á yọ lórí fóònù, iná á máa ṣẹ́jú, ṣùgbọ́n kò ní sí íntánẹ́ẹ̀tì. Ihò yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò nígbàkigbà tí ẹni tó ń gbálẹ̀ bá ti yọ wáyà tó sì dá a padà.

Kọ̀ǹpútà tí kì í kúrò lójú kan, tẹlifíṣọ̀n àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, wáyà ló dára kí ẹ fi so wọ́n. Wáyà Cat5e lè gbé 1 Gbps dé ibi tó jìn tó mítà 100, kò sì bìkítà fún ògiri tàbí Wi-Fi aládùúgbò. Gbogbo ẹ̀rọ tó bá kúrò lórí Wi-Fi fi àyè sílẹ̀ fún fóònù àti láptọ́ọ̀pù tí kò ní ọ̀nà mìíràn.

Ẹ ṣọ́ra lórí ìṣirò ìyára. Bí iléeṣẹ́ bá ní 10 Mbps ni àwọn ń tà, bit ni wọ́n ń kà. Bit mẹ́jọ ló ń di báìtì kan, nítorí náà mẹ́gábáìtì 1.25 ló máa wọlé láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kì í ṣe 10. Netflix dámọ̀ràn 5 Mbps fún ẹni tó bá fẹ́ wo àwòrán tó mọ́ kedere, Zoom sì ń fẹ́ bíi 1.2 Mbps ní wíwọlé àti ní jíjáde kí ojú tó hàn dáadáa. Ilé tí ẹni méjì ti ń wo fíìmù tí ẹni méjì sì wà ní kíláàsì lórí íntánẹ́ẹ̀tì á jẹ bíi 12 Mbps, kí ẹnikẹ́ni tó ṣí WhatsApp. 20 Mbps tó dúró ṣinṣin sàn fún un ju 100 Mbps tó ń wá tó ń lọ. Ẹ má gbàgbé láti béèrè ìyára jíjáde pẹ̀lú, nítorí òun ni ojú yín ń gbà jáde lórí Zoom.

Ògiri ilé wa

Ọ̀pọ̀ àlàyé nípa Wi-Fi, orí ilé pákó Amẹ́ríkà ni wọ́n kọ ọ́ lé. Búlọ́ọ̀kù la fi ń kọ́lé tiwa, a ń fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ nínú lóde, irin sì wà nínú dẹ́kì. Ìgbì Wi-Fi ń rẹ̀ bó ti ń la ògiri kọ̀ọ̀kan kọjá, dẹ́kì onírin sì ń dá a dúró ju ògiri lọ. Gíláàsì dígí, táńkì omi àti ìlẹ̀kùn irin náà ń ṣe é ní ìjàǹbá.

Ọ̀nà méjì ni ọ̀pọ̀ ráútà òde òní ń gbà sọ̀rọ̀. 2.4 GHz lọ́ra díẹ̀ ṣùgbọ́n ó ń la ògiri kọjá dáadáa. 5 GHz yára, ṣùgbọ́n ògiri méjì lè gba okun rẹ̀. Fóònù tó wà nítòsí ráútà, 5 GHz ni kí ẹ fi í sí. Kọ̀ǹpútà tó wà ní yàrá ẹ̀yìn, 2.4 GHz ló máa gbé e. Ní ilé alájùmọ̀gbé tí Wi-Fi bíi mẹ́wàá ti ń yọ lórí fóònù, ẹ wọ inú sẹ́tìn ráútà, kí ẹ yan ọ̀kan nínú ìkànnì 1, 6 tàbí 11 fún 2.4 GHz, èyí tí àwọn aládùúgbò kò fi bẹ́ẹ̀ lò. Àwọn mẹ́ta yìí ni kì í gun ara wọn. Ẹ sì gbé ráútà jìnnà sí máíkíróòfù, nítorí ó ń lo irú ìgbì kan náà bó bá ń gbóná oúnjẹ.

Àárín ilé ni àyè ráútà, lókè, níbi tó ṣí sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ń gbé e sí igun tí wáyà ti wọlé, lẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n, inú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n tún tì. Ráútà tó ń gba SIM nìkan ló ní àwáwí: ó ń fẹ́ ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tó kọjú sí òpó tẹlifóònù. Bí ẹ bá ní irú rẹ̀, ẹ gbé e yípo ilé, kí ẹ máa wo iná tó ń sọ agbára nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kí ẹ fi í síbi tó ti dára jù.

Ilé alájà kò gbọ́dọ̀ retí pé ráútà tó wà nísàlẹ̀ á dé òkè. Ẹ fa wáyà gòkè, kí ẹ so ráútà kejì mọ́ ọn, ti àtijọ́ yín pàápàá lè ṣe é. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ ṣe kó má bàa di ogun: ẹ pa DHCP ráútà kejì, ẹ yí àdírẹ́sì rẹ̀ padà kó má jọ ti àkọ́kọ́, ihò LAN rẹ̀ ni kí ẹ sì ki wáyà bọ̀, kì í ṣe WAN. Bí ráútà méjì bá ń pín àdírẹ́sì nínú ilé kan, kọ̀ǹpútà méjì lè gba nọ́ńbà kan náà, àwọn méjèèjì á sì máa já.

Ibi tí dátà ń bá lọ

Ẹjọ́ tó pọ̀ jù lẹ́yìn tí ilé bá ra ráútà ni pé dátà ń tán kíákíá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ará ilé á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn lójú. Nígbà púpọ̀, kò sí olè níbẹ̀. Fóònù máa ń há ọwọ́ bó bá wà lórí SIM, ṣùgbọ́n bó bá ti rí Wi-Fi, ó gbà pé ọ̀fẹ́ ni. Á bẹ̀rẹ̀ sí í tún gbogbo áàpù ṣe, á máa gbé fọ́tò àti fídíò lọ sí Google Photos, WhatsApp á máa fa gbogbo fídíò tí ẹgbẹ́ àti mọ̀lẹ́bí bá fi ránṣẹ́. Fóònù márùn-ún tó ṣe bẹ́ẹ̀ lóru kan lè jẹ dátà tí ilé fẹ́ fi lo ọ̀sẹ̀ kan.

Àtúnṣe rẹ̀ wà nínú fóònù fúnra rẹ̀. Lórí Android, ẹ tẹ orúkọ Wi-Fi ilé, kí ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Metered sí, kí ẹ yàn án. Fóònù á mọ̀ pé owó ni dátà yìí. Metered connection ni Windows pè é nínú sẹ́tìn Wi-Fi, kọ̀ǹpútà kò sì ní máa fa àwọn update ńlá láìgba àṣẹ. Fídíò ló tún kù. Netflix sọ pé àwòrán tó mọ́ kedere lè jẹ tó 3 GB ní wákàtí kan, àwòrán ìwọ̀ntúnwọ̀nsì kò ju bíi 1 GB lọ. Lórí ojú fóònù kékeré, ojú kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n àpò mọ̀ ọ́n.

Nǹkan kan tún wà tí ọ̀pọ̀ ilé kò tíì lò rárá. Ohun tó bá ń lọ láti kọ̀ǹpútà kan sí èkejì nínú ilé kò jáde síta, nítorí náà kò jẹ dátà. Fíìmù 2 GB tó wà lórí láptọ́ọ̀pù ẹ̀gbọ́n, àbúrò lè wò ó ní yàrá tirẹ̀ nípasẹ̀ ráútà láìsan kọ́bọ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan lè sin gbogbo ilé. Láti Windows 10 tó jáde lọ́dún 2015, ibì kan wà nínú sẹ́tìn tí wọ́n ń pè ní Delivery Optimization. Bí ẹ bá ṣí i fún kọ̀ǹpútà inú ilé nìkan, èyí tó bá kọ́kọ́ fa update lè pín lára rẹ̀ fún àwọn tó kù, dípò kí oníkálukú lọ fà á látìta. Kódà bí dátà bá tán, pípín fíìmù àti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé láàárín ilé ṣì ń ṣiṣẹ́, bí iná bá ṣáà ti wà lára ráútà.

Iná yẹn náà kò gbọ́dọ̀ já ilé kulẹ̀. Ráútà kì í jẹ iná púpọ̀, ọ̀pọ̀ wọn ò tó wáàtì 15, nítorí náà kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tan jẹnẹrétọ̀ torí rẹ̀. UPS kékeré tí wọ́n ṣe fún ráútà á gbé e fún ọ̀pọ̀ wákàtí lẹ́yìn tí NEPA bá mú iná lọ. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ìdí ráútà kí ẹ tó rà á: ráútà 12V àti ráútà 9V kì í jẹ oúnjẹ kan náà, iná tó ju agbára rẹ̀ lọ lè jó o. Ilé onífáíbà, ẹ rántí pé àpótí ara ògiri náà ń fẹ́ iná. Bí ráútà bá tàn tí àpótí kú, kò sí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ilẹ̀kùn tó yẹ ní títì

Pásíwọ́ọ̀dù méjì ni ráútà ní. Ọ̀kan ni èyí tí ará ilé fi ń wọ Wi-Fi. Èkejì ni èyí tí wọ́n fi ń wọ inú sẹ́tìn ráútà, nípa títẹ 192.168.1.1, 192.168.0.1 tàbí 192.168.8.1 sínú ẹ̀rọ ìwákiri, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sí ìdí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé ń yí ti àkọ́kọ́, wọ́n á fi ìkejì sílẹ̀ sórí admin bí iléeṣẹ́ tó ṣe é ṣe fi í.

Ìyà irú àìbìkítà yìí ti jẹ odindi iléeṣẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Lọ́dún 2016, ètò burúkú kan tí wọ́n ń pè ní Mirai jáde. Kò lo ọgbọ́n àrà kankan. Àkójọ orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù ilé iṣẹ́ tó lé díẹ̀ ní 60 ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń dán wọn wò lára kámẹ́rà, ráútà àti irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ káàkiri ayé. Àwọn tó bá ṣí fún un, ó sọ wọ́n di ọmọ ogun. Irú ọmọ ogun bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Daniel Kaye, dà bo iléeṣẹ́ tẹlifóònù Lonestar ní Liberia lọ́dún náà. Lóṣù kìíní ọdún 2019, ilé ẹjọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù rán an lẹ́wọ̀n ọdún méjì àti oṣù mẹ́jọ. Láti ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹrin ọdún 2024, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò gbà kí wọ́n máa ta irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú pásíwọ́ọ̀dù kan náà fún gbogbo ayé. Níbi tí irú òfin bẹ́ẹ̀ kò bá sí, onílé ni òfin.

Nítorí náà, ẹ yí pásíwọ́ọ̀dù méjèèjì. Ẹ yan WPA2 tàbí WPA3 gẹ́gẹ́ bí irú ààbò Wi-Fi yín. WEP ti àtijọ́, láti 2001 ni wọ́n ti tú àṣírí rẹ̀. Ẹ pa WPS, bọ́tìnnì tàbí nọ́ńbà kúkúrú tí wọ́n fi ń wọ Wi-Fi láìtẹ pásíwọ́ọ̀dù, nítorí wọ́n ti fi àléébù rẹ̀ hàn láti òpin ọdún 2011. Ẹ sì ṣí Wi-Fi àlejò bí ráútà yín bá ní in, kí ẹni tó wá kí yín lè rí íntánẹ́ẹ̀tì lò láìdé ibi tí kọ̀ǹpútà àti fáìlì ilé wà.

Ti aládùúgbò ńkọ́? Ìwà ọmọlúàbí ni kí á fún aládùúgbò ní omi bí kàǹga tirẹ̀ bá gbẹ, ṣùgbọ́n ẹ rò ó dáadáa kí ẹ tó fún gbogbo àgbàlá ní Wi-Fi. Àdírẹ́sì kan ṣoṣo ni ará ìta rí, tiyín sì ni. Bí ẹnì kan bá fi lu jìbìtì, ẹnu ọ̀nà yín ni àwọn tó ń wádìí máa kọ́kọ́ kàn, nítorí NIN yín ló wà lára SIM tó wà nínú ráútà. Òfin ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà ti wà ní Nàìjíríà láti 2015. Títa íntánẹ́ẹ̀tì bí okòwò sì nílò ìwé àṣẹ NCC. Ẹni tí ẹ bá mọ̀ dáadáa, tí ẹ lè dáhùn fún, ni kí ẹ bá pín in, orí Wi-Fi àlejò ni kó sì wà.

Ẹni tó ni ráútà

Gbogbo ohun tí a ti sọ yìí ń fẹ́ ẹni tó máa ṣe é. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Àgbà ló lówó lọ́wọ́, òun ló lè sọ pé kí gbogbo ilé dá owó. Ọ̀dọ́ ló mọ ọ̀nà inú sẹ́tìn, òun ló lè wo iye ẹ̀rọ tó wà lórí Wi-Fi, kó sì mọ èyí tí kì í ṣe ti ilé. Kí ilé yan ọ̀kan nínú àwọn ọmọ, ọkùnrin tàbí obìnrin, gẹ́gẹ́ bí alábòójútó. Kó kọ pásíwọ́ọ̀dù méjèèjì sínú ìwé kan tí bàbá tàbí ìyá máa tọ́jú. Kó mọ ọjọ́ tí owó oṣù máa tán, kó sì wò ó lẹ́ẹ̀kan lóṣù bóyá ráútà ní update tuntun. Kí àwọn àgbà sì má fi ẹ̀sùn kàn án pé òun nìkan ló ń jẹ dátà.

Lálẹ́ òní, kí oníkálukú nínú ilé yín kọ iye tó ná sórí dátà lóṣù tó kọjá sórí ìwé kan. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí ẹ sì béèrè iye tí fáíbà, ráútà 4G tàbí 5G, tàbí Starlink jẹ́ ní àdúgbò yín. Bí ìṣirò náà bá gbà, ẹ dá owó náà jọ, ẹ gbé ráútà sí àárín ilé, kí ẹ yí pásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ kí ẹ tó sùn.